Ìbọn Ìléwọ́ Lábẹ́ Ẹ̀wù: Kí Ni Ó Lè Ṣe fún Ará Ṣàngó-Ọ̀tà?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn ará Ṣàngó, Ìjòkó, Agbádó, Ìfọ̀ àti àwọn àdúgbò tó bá Èkó pààlà fi ọ̀pọ̀ òru ṣọ́nà. Ariwo ta pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá jà wọ́n lólè. Àwọn baálé ilé dáná sun táyà sí oríta, wọ́n yọ àdá, wọ́n mú kùmọ̀, ọlọ́dẹ gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká. Àrùn náà rọlẹ̀, òfin kónílé-ó-gbélé kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn láti ìgbà náà: ṣé kò yẹ kí èèyàn ní ìbọn kékeré kan tí yóò máa wà ní ìbàdí rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀wù, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀?

Oní-POS tó ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lálẹ́ pẹ̀lú owó nínú báàgì ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ lóru ọjọ́ owó oṣù ń béèrè rẹ̀. Àwọn tí àbúrò wọn wà ní Houston náà ń béèrè rẹ̀, nítorí pé àbúrò ti fi fọ́tò ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wá nǹkan fi gbèjà ara yín.” Ìbẹ̀rù ló bí ìbéèrè náà, ìbẹ̀rù ọ̀hún sì ní ìdí. Kò yẹ ká fi ẹ̀gàn dá a lóhùn. Ohun tó yẹ ni ká gbé e yẹ̀wò látòkè délẹ̀: òfin, irin náà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí olè ń gbà dé bá wa ní àgbègbè yìí, àti ohun tí ojú àwọn ará wa ń rí níbi tí wọ́n ti fàyè gba irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà títí di òní ti wà láti ọdún 1959, ṣáájú òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú: àgbá ológun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, àwọn ìbọn ológun tí ọta wọn jẹ́ 7.62mm àti irú wọn. Àárín àwọn wọ̀nyí gan-an ni òfin to ìbọn ìléwọ́ sí, ì báà jẹ́ èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po, ì báà jẹ́ písítù. Kódà ó dárúkọ písítù ayé àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná. Ẹni kan ṣoṣo ni òfin náà fún lágbára láti fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lé aráàlú lọ́wọ́, ìyẹn Ààrẹ orílẹ̀-èdè, nígbà tó bá wù ú. DPO Ṣàngó kò ní àṣẹ náà. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Eléwé-Ẹran, Abẹ́òkúta, kò ní in. Gómìnà pàápàá kò ní in. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀gá kan tí yóò bá yín ṣe “ìwé písítù” ní ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, owó yín ló fẹ́ gbà, ìwé tó sì máa fún yín kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ìjìyà rẹ̀ kò kéré. Òfin 1959 ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10. Òfin mìíràn tún wà, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí ìbọn kún ìgboro, tí ìdigunjalè sì gba gbogbo ọ̀nà kan. Òfin yẹn ló sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Òun ló gbé Oyènúsì, ògbójú adigunjalè nì, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ dé ìdí òpó tí wọ́n ti yìnbọn pa wọ́n ní etíkun Bar Beach ní oṣù kẹsàn-án 1971, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Àwọn tó dàgbà láàárín wa rántí. Láti ìgbà náà ni ìbọn kékeré àti adigunjalè ti di ọ̀kan náà lójú ọlọ́pàá àti lójú aráàlú. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí mo ní í sọ.

Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn ìbọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lábẹ́ àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan, ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń pè ní dọ́bù-báréẹ̀lì, ìbọn eré ìdárayá, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Òfin kò ní fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọ̀wọ́ kẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ètù, ṣakabùlà àwọn baba wa. Ìyẹn náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló wà lókè àjà láìní ìwé kankan. Ìwé àṣẹ sì wà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nìkan. Bí bàbá bá kú, tí ó fi dọ́bù-báréẹ̀lì sílẹ̀, ọmọ tó bá kàn gbé e sí yàrá rẹ̀ ti di arúfin, kódà bí ó bá jẹ́ pé ó ń fi ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ ni.

Níbi ọ̀wọ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Òfin fàyè gba ìbọn ọdẹ, ṣùgbọ́n ó yọ èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta fúnra rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fà kí ọta mìíràn wọlé. Ìyẹn ni pé pọ́m̀pù-ákíṣọ̀n, èyí tí à ń rí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kiri, kò sí lára ohun tí aráàlú lè gba ìwé ọlọ́pàá fún. Irú ìbọn yìí ni Aṣọ́bodè mú 661 rẹ̀ nínú ọkọ̀ àjàgbé kan ní ọ̀nà Mile 2 sí Àpápá ní oṣù kìíní 2017. Nígbà tó yá ní ọdún náà, wọ́n tún mú ju 1,000 lọ ní èbúté Tin Can, láti Tọ́kì ni wọ́n ti kó wọn wá. Ní 2024, ní èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers, 844 ìbọn àti ọta 112,500 ni wọ́n bá nínú àpótí ẹrù kan. Ẹni tó bá ń gbèrò pé òun yóò jẹ́ kí àbúrò òun ní Amẹ́ríkà fi ọ̀kan há inú àgbá tí wọ́n fi ń kó aṣọ àti ìrẹsì ránṣẹ́, kí ó mọ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì ni wọ́n jọ rú. Àbúrò náà lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀ nítorí ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n kò lè lò. Ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ pàápàá wà nínú àwọn ọjà tí Aṣọ́bodè kò gbà kó wọlé rárá.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé: ṣé òfin fẹ́ ká káwọ́ lérí kí wọ́n pa wá ni? Rárá o. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 33, gbà pé èèyàn lè lo agbára tó bá yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá tí kò tọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù sọ ọ́ kedere ní abala 286 pé ẹni tí wọ́n bá kọlù láìṣẹ̀, tí ó sì ní ìdí láti gbà pé ikú tàbí ìpalára ńlá ló ń bọ̀, lè dáàbò bo ara rẹ̀ kódà bí ẹni tó kọlù ú bá kú. Ẹ̀tọ́ wà. Ohun tí kò sí ni àṣẹ láti gbé ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó bá fi písítù tí kò ní ìwé gba ara rẹ̀ là lè bọ́ nínú ẹ̀sùn ìpànìyàn, kí ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ìbọn. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ṣé ìbọn ìléwọ́ yóò ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ja àwọn èèyàn lólè níbí. Ọ̀kadà kan tó gbé èèyàn méjì yóò yọ láti ẹ̀yìn, wọ́n á já báàgì tàbí fóònù, wọ́n á ti dé Jojú kí ẹni tí wọ́n jà lólè tó mọ̀ pé nǹkan ti lọ. Tàbí èèyàn wọ ọkọ̀ ní Tóògéètì, kò mọ̀ pé wọn-ṣáǹsì ni, ó ti jókòó sáàárín àwọn mẹ́ta tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn. Apá tí kò ráyè gbé fóònù, ṣé yóò ráyè fa ìbọn yọ lábẹ́ ẹ̀wù? Tàbí wọ́n wọlé lóru, wọ́n ju mẹ́rin lọ, ìbọn tiwọn ti wà lóde kí onílé tó jí. Nínú gbogbo rẹ̀, olè ló ti ṣáájú. Ìbọn tó wà ní ìbàdí ń fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá tí olè kò ní fún èèyàn.

Nǹkan kejì burú ju ìyẹn lọ. Ìbọn wà lára ohun tí olè ń wá kiri. Ní oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú jó àgọ́ ọlọ́pàá káàkiri Èkó, wọ́n sì kó ìbọn inú wọn lọ. Bí wọ́n bá lè gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, kí ni wọn yóò ṣe fún oní-POS? Báàgì owó ni wọ́n wá gbà. Bí wọ́n bá rí ìbọn lára rẹ̀, wọn kò ní fi í sílẹ̀ láàyè, ìbọn náà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ wọn láti fi ja ẹlòmíràn lólè.

Nǹkan kẹta ni èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ abẹ́ bíríìjì Ṣàngó yóò tètè lóye. Bí atẹ́gùn bá ṣí ẹ̀wù èèyàn níbẹ̀, tí ìdí ìbọn bá yọ, kò sẹ́ni tí yóò bi í bóyá oníṣòwò rere ni. Ẹnìkan yóò pariwo “Olè!” Àwọn ọlọ́jà, àwọn ọmọ ọ̀kadà àti agbèrò yóò dé. Ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, táyà kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn Ẹyẹ àti Aiye ti ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ ní Ṣàngó àti Ọ̀tà láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin tí ọlọ́pàá bá sì bá písítù lára rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni títí yóò fi rí ẹ̀rí mìíràn mú wá. Ní ìlú tí ìbọn kékeré ti jẹ́ àmì adigunjalè láti ayé Oyènúsì, ẹni tó gbé e sára ti wọ aṣọ adigunjalè.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò di dandan kó jẹ́ ti òyìnbó, àgbẹ̀dẹ lè rọ ọ́. Òótọ́ ni pé ìbọn ìbílẹ̀ kékeré ló pọ̀ jù nínú èyí tí ọlọ́pàá ń kó jáde fún àwọn oníròyìn ní Eléwé-Ẹran. Ọta kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, káàtíríìjì ìbọn ọdẹ, àwọn kan sì jẹ́ irin páìpù omi tí wọn kò ṣe fún iná ètù. Bí ó bá dún lónìí, ó lè fọ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́ lọ́la, kí ó sì mú ìka tàbí ojú lọ. Ẹni tó bá rà á ti bá àwọn tó ń rọ̀ ọ́ fún olè dòwò pọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè nípa irú ìbọn wo ló yẹ ní ìdáhùn gidi, àwọn ará wa sì wà níbẹ̀ tó ń bi ara wọn, ní Houston, ní Atlanta, ní Chicago, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 tí òfin kò sì dè lè gbé ìbọn ìléwọ́ lára láìgba ìwé kankan. Illinois ló gbẹ̀yìn gbogbo ìpínlẹ̀ láti fàyè gba gbígbé e lábẹ́ aṣọ, ní 2013, ó sì ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 16. Maryland náà ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin New York tó ní kí èèyàn kọ́kọ́ fi ìdí pàtàkì hàn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àlejò má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Texas yìí tàn án: òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn, àfi nínú àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Oní-green card lè ní in.

Ní ti irin náà, ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé yẹ̀wò ni ìwọ̀n rẹ̀ sí bí ó ṣe rọrùn láti yìn. Glock 19, tí ilé-iṣẹ́ Ọ́síríà kan ṣe, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18 àti àbọ̀, ó gba ọta 15, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ayé ló ń lò ó. Ó tóbi díẹ̀ fún ẹ̀wù tó fúyẹ́. Láti bí ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń díje láti ṣe èyí tó kéré sí i: Shield ti Smith & Wesson, Glock 43 ní 2015, àti SIG P365 ní 2018, tó gba ọta 10 nínú ara tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́. Ruger LCP kéré sí gbogbo wọn, kò wúwo tó gíráàmù 300. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìbọn máa ń rò pé èyí tó kéré jù ló dára jù, pàápàá fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbọn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ta èèyàn lọ́wọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ojú ń wò láti fojú sùn yóò ṣe kúrú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọta yóò ṣe máa yà kúrò níbi tí a fẹ́. Ìbọn pélébé tó dùn ún gbé kì í dùn ún kọ́, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ yóò fi ọta bá ẹni tí kò ṣẹ̀. Àpò rẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ: ó gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ń fà pátápátá, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí etí ẹ̀wù má baà fà á fúnra rẹ̀. Glock àti irú rẹ̀ kò ní ìdè tí èèyàn ń fọwọ́ tì níta. Àwọn ìdè tó wà nínú rẹ̀ ń tú nígbà tí ìka bá fà á. Nínú àpò ṣòkòtò lásán, ewu ni. Ní ti ọmọdé nílé, inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìbọn ń gbé, kì í gbé abẹ́ ìrọ̀rí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń fi fọ́tò ìbọn ránṣẹ́ kì í sọ. Ní 2021, èèyàn 48,830 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera wọn ṣe kà á. Ju ìdajì wọn lọ, 26,328, ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ju àwọn tí ẹlòmíràn pa lọ dáadáa. Ẹ̀dùn ọkàn a máa dé bá ẹnikẹ́ni: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, ọmọ ogún ọdún tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń la ọjọ́ náà kọjá bí nǹkan burúkú kò bá sí nítòsí. Ìbọn kì í fún wọn ní ọjọ́ kejì. Ilé àwọn ará wa ní òkè òkun kò yàtọ̀ nínú èyí, a kàn kì í sọ ọ́ ní gbangba nítorí ìtìjú ni. Mo rọ ẹ̀yin tí ọmọ yín wà níbẹ̀, tí ẹ mọ̀ pé ó ní ìbọn nílé, ẹ máa bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà, kí ẹ tó béèrè owó.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí ní Peckham àti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn London, ìbéèrè náà kò sí. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ tó ní ìwé àṣẹ pa ọmọ ilé-ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù kẹta 1996, wọ́n fòfin de ìbọn ìléwọ́ ní 1997. Ọ̀bẹ ni ìṣòro wọn lónìí, ó sì ń pa ọmọ wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í ti ìta kọjá sínú yàrá lọ bá ọmọ tó ń sùn.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n tú òfin Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Zamfara kéde pé kí aráàlú gba ìwé àṣẹ ìbọn láti gbèjà ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbébọn, ọ̀gá àwọn ológun sì dáhùn pé gómìnà kò ní agbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kan náà, ní ọjọ́ 5, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Akérédolú, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tó tó ìbọn ọ̀tá, ìjọba àpapọ̀ kò sì gbà. Mo fara mọ́ ohun tó béèrè nígbà náà, mo ṣì fara mọ́ ọn. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn, tí wọ́n kọ́, tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ wà nínú ìwé, ni ó yẹ kí wọ́n fún ní irin tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ìyẹn yàtọ̀ gédégédé sí kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ dánfó máa gbé tirẹ̀. Ẹ ronú bí awakọ̀ méjì ṣe ń jà lórí owó ní Ojú-Ọrẹ, kí ẹ fi ìbọn kọ̀ọ̀kan sí ìbàdí wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó yí Ọ̀tà ká, tí ẹ̀rọ wọn tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà, kò fún ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wọn ní ìbọn, nítorí òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ti 1986 kọ̀ ọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n gbára lé ni ọgbà gíga, iná, kámẹ́rà, ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn, àti ọlọ́pàá tí wọ́n bẹ̀ wá. Apá kan nínú rẹ̀ ni àdúgbò lè ṣe. Ẹgbẹ́ onílé tó bá lè kó owó fún ọlọ́dẹ lè kó owó fún iná sólà ní oríta mẹ́ta. Oní-POS lè dín owó tó ń gbé lálẹ́ kù nípa fífi owó náà sí àkáǹtì lọ́sàn-án, kí ó sì máa yí àkókò tó ń pa ìsọ̀ dé padà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan náà lè máa rìn pọ̀, kí wọ́n sì fi dandan béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ dípò kí kálukú dá wọ ohun tó bá rí. Kí nọ́ńbà DPO, ti ẹ̀ṣọ́ So-Safe àti ti Àmọ̀tẹ́kùn wà nínú fóònù gbogbo ilé, kí wọ́n sì ti pè é wò kí ọjọ́ ibi tó dé.

Ẹni tó ní oko adìẹ tàbí ilẹ̀ ńlá lọ́nà Àtàn tàbí Ìgbẹsà, tí ó ń gbé níbẹ̀, tí ó sì ní ibi tí yóò ti í mọ́, kò burú kó lọ béèrè ìwé àṣẹ dọ́bù-báréẹ̀lì lọ́nà òfin. Mo mọ̀ pé ó ń pẹ́, ó sì ń náni lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ìdílé mẹ́jọ pín, tí ọmọ ń sáré lọ sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí pákó tàbí ògiri fẹ́lẹ́ ló ya yàrá sí yàrá, kò sí ìbọn tó bá ilé yẹn mu. Kí ó má sì rò pé afẹ́fẹ́ ata (pepper spray) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lófin nínú rárá: ohun èlò tó ń ta ọta tí ń fọ́n afẹ́fẹ́ ká wà nínú ọ̀wọ́ kìíní òfin 1959, kí ó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó rà á.

Ìjọba tó sọ fún aráàlú pé kí wọ́n má ṣe gbé ìbọn ti gba gbèsè ààbò wọn sọ́rùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ń gbowó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ìpínlẹ̀ Ògùn ń gbowó orí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lóru. Kí wọ́n tan iná sí ọ̀nà Ṣàngó sí Ìjòkó, kí wọ́n tan án sí abẹ́ bíríìjì, kí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa lọ máa bọ̀ láàárín Tóògéètì àti Ìyànà-Ìlogbò láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan lè kọ èyí sínú ìwé, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì alága ní Ọ̀tà, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní ìbọn ìléwọ́ nílé láìní àṣẹ, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ rà tàbí èyí tí òkú fi sílẹ̀, ẹ má gbé e sára jáde, ẹ má tà á, ẹ má jù ú sódò. Ẹ wá agbẹjọ́rò lọ́sẹ̀ yìí, kí ó kọ́kọ́ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wá gbé e nílé lójú rẹ̀.